Ọkọ̀ Òfuurufú Onírin Alápá Ìpele Kan, àti Bí Ó Ṣe Dé Òkè Etíkun Àgbádárìgì

Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, tí ó sì fi rúlà fa ìlà láti Ákírà dé Ìkejà, yóò rí i pé ìlà náà gba òkè agbègbè Àgbádárìgì kọjá. Mowo, tí ó wà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì sí Èkó, fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí abẹ́ rẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó bá ń gbé ní etíkun náà ní ọdún 1942, ìbáà ṣe apẹja lórí ọ̀sà, ìbáà ṣe ẹni tí ń ká àgbọn, ṣòro fún un kí ó má gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì tí ń kùn bọ̀ láti ìhà ìwọ̀-oòrùn. Bí ó bá sì gbé ojú sókè, ọ̀kan nínú ohun tí ó lè rí ni ọkọ̀ ńlá kan tí ó ní ẹ́ńjìnnì méjì, tí apá rẹ̀ jẹ́ ìpele kan ṣoṣo, tí kò sí òpó tàbí okùn kankan tí ó gbé apá náà dúró.

Ọkọ̀ yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní DC-3, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ní Dakota. Irin ni ó jẹ́ láti orí dé ìrù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé nítorí kí ọkọ̀ òfuurufú lè le koko ni àwọn tí ó ṣe é fi pa igi tì, tí wọ́n sì mú irin. Èrò yìí kò tọ̀nà tán. Ọ̀rọ̀ omi tí ó wọ inú igi, tí ó sì tú àtè tí a fi lẹ igi pọ̀, ni ó gba ipò igi lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, àwọn ènìyàn sì kú kí ọ̀rọ̀ náà tó yé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe àjèjì sí ẹni tí ó ń gbé ní etí ọ̀sà, níbi tí ọ̀rinrin àti ikán kì í ti í jẹ́ kí pákó ilé pẹ́.

Ṣùgbọ́n kí á tó lọ jìnnà, orúkọ tí àwọn Yorùbá fún ohun yìí yẹ ní àgbéyẹ̀wò díẹ̀. “Bàálù” ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ó jọ pé láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àpò ńlá tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí ó sì ń gbé ènìyàn lọ sókè, ni ó ti wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé orúkọ náà dàgbà ju ohun tí a fi ń pè lọ, nítorí irú àpò bẹ́ẹ̀ ti ń gbé ènìyàn fò ní ilẹ̀ Faransé láti ọdún 1783, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú alápá kò tilẹ̀ sí ní ọkàn ẹnikẹ́ni. “Ọkọ̀ òfuurufú” ní ti rẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí inú èdè. Ohun tí ń léfòó lórí omi ni ọkọ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, a yá a ní orúkọ. Nígbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ dé, a yá òun náà. Nígbà tí ọkọ̀ tí ń rìn lójú ọ̀run wá dé, kò ṣòro fún Yorùbá láti rí ohun tí yóò pè é. Bí a bá sì ń sọ pé “irin” ni a fi ṣe é, irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ mọ̀ kọ́ ni a ní lọ́kàn, bí kò ṣe ẹ̀yà irin fúyẹ́fúyẹ́ nì tí a fi ń ṣe ìkòkò funfun inú ilé ìdáná, èyí tí ń jẹ́ alumíníọ̀mù. Ìdá mẹ́ta ìwọ̀n irin lásán ni a óò pín, kí a tó rí ìdá kan tí í ṣe ìwọ̀n tirẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ òfuurufú tí ó kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Nàìjíríà kì í ṣe onírin rárá. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1925, ọkọ̀ mẹ́ta ti àwọn ọmọ-ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì balẹ̀ sí Kánò láti ilẹ̀ Íjíbítì. Arthur Coningham ni olórí wọn. DH.9A ni irú ọkọ̀ náà. Igi ni egungun rẹ̀, aṣọ tí a kùn ní ọ̀dà ni awọ rẹ̀, apá rẹ̀ sì jẹ́ ìpele méjì, ọ̀kan lókè, èkejì nísàlẹ̀, tí òpó àti okùn irin so mọ́ ara wọn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Imperial Airways ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà àti èrò láti Khartoum wá sí Kánò ní 1936, tí wọ́n sì mú ọ̀nà náà dé Èkó nínú ọdún kan náà, DH.86 ni wọ́n lò. Ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, àwọn èrò sì ń jókòó lábẹ́ òrùlé. Ṣùgbọ́n igi àti aṣọ náà ni, apá rẹ̀ sì jẹ́ ìpele méjì bákan náà.

Ìdí tí a fi ń ṣe apá ní ìpele méjì rọrùn láti mọ̀. Apá tí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe kò lè dá dúró nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń tì í sókè, yóò ká. Bí a bá wá fi òpó so méjì pọ̀, tí a sì fi okùn irin fà wọ́n láti igun dé igun, wọn yóò ran ara wọn lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí igi àjà àti òpó ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ nínú ilé. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, egungun ni ó ń gbé ẹrù. Ẹní tàbí imọ̀ tí a ta sí i lára kò gbé nǹkan kan, òjò àti oòrùn lásán ni ó ń dí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni aṣọ ara ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́. Àléébù ibẹ̀ ni pé gbogbo òpó àti okùn wọ̀nyí ń dènà afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ tí ó ń fa igbó òpó kiri lójú ọ̀run kò lè yára, epo tí ó sì ń jó kì í ṣe kékeré.

Igbá kò rí bẹ́ẹ̀. Igbá kò ní òpó nínú, kò ní àjà, síbẹ̀ ènìyàn lè di ẹrù kún inú rẹ̀ kí ó sì rù ú lọ sí ọjà, nítorí pé èèpo rẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ahéré àti igbá ti mọ gbogbo ohun tí ó yí ọkọ̀ òfuurufú padà láàárín 1915 àti 1935. Ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ bí a ṣe ṣe é.

Hugo Junkers ni orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é dójú àmì. Ará Jámánì ni, a bí i ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1859. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú Aachen, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó fi là ni ẹ̀rọ tí ń gbóná omi ìwẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Dessau ń ṣe. Kò yẹ kí á fi ojú kékeré wo iṣẹ́ omi ìwẹ̀ yìí, nítorí níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń ká páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò fi le. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1915, láàárín ogun àgbáyé kìn-ín-ní, ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ń jẹ́ J 1 gbéra nílẹ̀. Irin líle ni ó fi ṣe é, ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń fi í ṣe ẹlẹ́yà pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ onípáànù ni. Ṣùgbọ́n kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà fò, apá rẹ̀ sì jẹ́ ìpele kan, kò sí okùn kan lára rẹ̀.

Ohun tí ó kù ni irin tí yóò fúyẹ́, tí yóò sì tún le. Ará Jámánì mìíràn, Alfred Wilm, ti rí ìyẹn ní nǹkan bí 1906. Alumíníọ̀mù nìkan rọ̀ jù, ẹnikẹ́ni tí ó ti rí ìkòkò tí ó rún mọ́lẹ̀ lè jẹ́rìí sí i. Wilm fi bàbà díẹ̀ àti magnesium díẹ̀ sí i, ó gbé e sínú iná, ó rì í bọ omi. Nígbà tí ó yọ ọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tí a kò fọwọ́ kàn án, ó ń le sí i fúnra rẹ̀, bí ẹ̀kọ tí a dà sínú ewé ti ń dì nígbà tí ẹni tí ó dà á ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Dúrálúmìnì ni wọ́n sọ irin náà.

Dúrálúmìnì ni Junkers àti Otto Reuter, tí í ṣe olórí àwọn ayàwòrán ẹ̀rọ rẹ̀, fi kọ́ ọkọ̀ tí ń jẹ́ F 13. Ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1919 ni ó kọ́kọ́ fò, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Versailles tí ó fi òpin sí ogun náà. Òun ni ọkọ̀ òfuurufú onírin àkọ́kọ́ láyé tí a kọ́ fún gbígbé èrò. Kì í ṣe ọkọ̀ ogun tí a yí padà, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí. Ẹ́ńjìnnì kan ni ó ní. Èrò mẹ́rin ń jókòó nínú yàrá tí a tì, tí ó ní fèrèsé, tí a sì ń mú gbóná; àwọn awakọ̀ méjì wà níwájú wọn. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ilé olókè tí ó ti pẹ́ ní Àgbádárìgì àti ní Èkó kò ní í ṣe àìmọ ohun tí ara F 13 jọ, nítorí páànù eléèpà ni, oníhòlohòlo bíi ti orí ilé. Ìdí kan náà ni ó sì mú kí méjèèjì rí bẹ́ẹ̀. Páànù pẹrẹsẹ a máa gbọ̀n, a sì máa tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ká a ní gegele-kòtò, kò ní í tẹ̀ ní ìhà kan mọ́, bí ó tilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́.

Ó lé ní 300 irú ọkọ̀ yìí tí a kọ́ kí a tó dáwọ́ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ibi tí ó ti fi ara rẹ̀ hàn jùlọ kì í ṣe Yúróòpù bí kò ṣe Kòlóńbíà, orílẹ̀-èdè olódò àti olókè ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó dá ilé iṣẹ́ SCADTA sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1919 so bàtà omi mọ́ ẹsẹ̀ F 13, wọ́n sì ń balẹ̀ lórí odò Magdalena, tí ọkọ̀ ojú omi ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rìn, tí yóò sì há bí omi bá fà. Ọkọ̀ onígi kì bá ti pẹ́ nínú ooru àti òjò náà. Ju 52, tí í ṣe àbúrò F 13, dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1930 ni ilé iṣẹ́ Lufthansa ń fi í gbé lẹ́tà wá sí Bathurst, tí a ń pè ní Banjul nísinsìnyí, kí ọkọ̀ mìíràn tó gbé e sọdá òkun lọ sí Brazil. Ní ti Junkers fúnra rẹ̀, òpin rẹ̀ kò dára. Nígbà tí ìjọba Hitler dé ní 1933, wọ́n fi agbára gba ilé iṣẹ́ àti ẹ̀tọ́ lórí àwọn ohun tí ó hùmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì há a mọ́ ilé. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1935, ọjọ́ tí ó pé ẹni ọdún 76.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, igi kò tíì kúrò lójú ọ̀run. Ó pọ̀, owó rẹ̀ kò gara, gbogbo gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó sì lè tún un ṣe. Ohun tí ó yí ọkàn àwọn ènìyàn padà ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1931 ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ Fokker F-10 ti ilé iṣẹ́ TWA, tí apá rẹ̀ jẹ́ igi, já lulẹ̀. Gbogbo ènìyàn mẹ́jọ tí ó wà nínú rẹ̀ kú. Ọ̀kan nínú wọn ni Knute Rockne, olùkọ́ bọ́ọ̀lù tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ilẹ̀ náà, ariwo sì ta. Wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé omi ti ń wọ inú apá ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ó sì ti tú àtè tí ó lẹ pákó mọ́ pákó. Láti ìta, apá náà funfun, ó dán, kò sí ohun tí ó ṣe é. Kí a tó lè rí inú rẹ̀, àfi kí a ya èèpo rẹ̀. Ìjọba bá pàṣẹ pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ máa tú apá onígi wò nígbàkúùgbà. Ìnáwó ibẹ̀ pọ̀, ẹ̀rù sì ti ba àwọn èrò. Láti ọjọ́ náà ni àwọn oníṣòwò ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà ti ń wá ọkọ̀ onírin lójú méjèèjì.

Ilé iṣẹ́ Boeing ni ó kọ́kọ́ dá wọn lóhùn. Ọkọ̀ wọn, Boeing 247, fò ní oṣù kejì ọdún 1933. Onírin ni, ẹ́ńjìnnì méjì, èrò 10. Àbùkù kan ni ó ní tí àwọn tí ó wọ̀ ọ́ kò gbàgbé: igi-àjà apá rẹ̀ gba àárín yàrá èrò kọjá, kí ènìyàn tó dé ìjókòó rẹ̀ yóò gbé ẹsẹ̀ sókè kọjá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ United ti gba 60 àkọ́kọ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn kò sì lè rí rà. Jack Frye, ọ̀gá kan ní TWA, kò fẹ́ dúró. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1932 ni ó ti kọ ìwé sí àwọn aṣọkọ̀ mìíràn pé òun ń fẹ́ ọkọ̀ onírin ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́ta tí yóò gbé ó kéré tán èrò 12, tí yóò sì lè rin 1,080 máìlì láìbalẹ̀ gba epo. Donald Douglas ní California dáhùn pé òun yóò ṣe é, ẹ́ńjìnnì méjì sì tó. Wọ́n ní kí ó fi hàn pé bí ọ̀kan bá kú nígbà tí ọkọ̀ ń gbéra, èkejì yóò gbé e. Ó gbà.

DC-1 ni ó kọ́kọ́ jáde. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1933, Carl Cover gbé e kúrò nílẹ̀. Kò tíì ga tó ohun kan tí ẹ́ńjìnnì kan fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà èkejì dákẹ́. Cover tẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀, àwọn ẹ́ńjìnnì náà tún jí. Ó gbé imú rẹ̀ sókè, wọ́n tún kú. Báyìí ni ó ń gun òfuurufú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn tí ó sì ń sinmi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ga tó láti yí padà kí ó sì balẹ̀ ní àlàáfíà. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí iwájú nínú kábúrétọ̀: léfòó-léfòó inú rẹ̀ ni wọ́n fi sí òdì, bí imú ọkọ̀ bá ti gbé sókè, epo a sé. Ohun tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni ì bá pa ọkọ̀ náà run kí ó tó ní ọmọ. Ó ní ọmọ. DC-2 tẹ̀ lé e ní 1934 pẹ̀lú ìjókòó 14; ọ̀kan nínú rẹ̀, tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ KLM ti ilẹ̀ Hollandi, ló ṣe ipò kejì nínú eré láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Melbourne ní oṣù kẹwàá ọdún náà, pẹ̀lú èrò àti lẹ́tà nínú, nínú eré tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti àwọn ọkọ̀ asáré.

DC-3 fò ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1935, ọjọ́ tí ó pé ọdún 32 géérégé tí àwọn Wright kọ́kọ́ fò. Ilé iṣẹ́ American Airlines ni ó bẹ̀bẹ̀ fún un, nítorí wọ́n ń fẹ́ ọkọ̀ tí èrò yóò lè dùbúlẹ̀ sùn nínú rẹ̀ ní òru. Ibùsùn 14 ni wọ́n fi sí i. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé bí a bá kó ibùsùn jáde, ìjókòó 21 ni yóò gbà, owó sì ń bẹ nínú ìyẹn. Apá rẹ̀ fẹ̀ tó 95 ẹsẹ̀ bàtà láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Nínú apá náà, igi-àjà kan ṣoṣo kọ́ ni ó ń gbé ẹrù. Mẹ́ta ni, ọ̀pọ̀ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín wọn tí a kàn mọ́ èèpo, tí ẹrù náà fi pín káàkiri. Èèpo rẹ̀ kì í ṣe páànù oníhòlohòlo bíi ti Junkers mọ́, nítorí gegele páànù ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Ó dán bí èèpo ẹyin. Apá náà gba abẹ́ ilẹ̀ yàrá kọjá, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ká wọ inú, ṣùgbọ́n kì í wọlé tán. Bí ó bá di dandan kí ọkọ̀ fi àyà balẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí ó yọ díẹ̀ yìí ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀, tí ìbàjẹ́ kò fi ní í pọ̀. Ní ti iyọ̀ òkun, tí í ṣe ọ̀tá dúrálúmìnì gan-an, wọ́n ti rí ọgbọ́n dá sí i kí àwọn ọdún 1920 tó parí: wọ́n ń fi alumíníọ̀mù tí kò ní àbùlà bo dúrálúmìnì lójú, alumíníọ̀mù náà ni yóò sì máa bá iyọ̀ jà.

Ogun ni ó gbé ọkọ̀ yìí wá sí òkè Àgbádárìgì. Nígbà tí Ítálì wọ ogun ní 1940, ọ̀nà àárín òkun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Íjíbítì di eléwu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọkọ̀ òfuurufú ogun sínú àpótí wá sí Takoradi, níbi tí a ti ń tò wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì ń gba Èkó, Kánò àti Màídúgùrì lọ sí Khartoum àti Íjíbítì. Àwọn àkọ́kọ́ gbéra ní Takoradi ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1940. Kí ogun tó parí, ó lé ní 5,000 ọkọ̀ tí ó gba ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ tí ó bá gbé wọn débẹ̀ gbọ́dọ̀ padà wá gbé òmíràn, kò sì sí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn. Nítorí ìdí èyí ni ilé iṣẹ́ Pan American ti Amẹ́ríkà fi dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún Áfíríkà ní 1941, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Ákírà. DC-3 ni wọ́n ń lò, láti Ákírà sí Èkó, sí Kánò, sí Màídúgùrì, títí dé Khartoum àti Cairo. Kí ọdún 1942 tó parí, iṣẹ́ náà ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà. Ó lé ní 10,000 DC-3 àti irú rẹ̀ tí a kọ́ ní Amẹ́ríkà, ogun ni ó sì fa èyí tí ó pọ̀ jùlọ; iye tí a kọ́ fún àwọn oníṣòwò kò ju 607 lọ.

Fún Nàìjíríà, pápákọ̀ òfuurufú ni èrè tí ogun náà fi sílẹ̀. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá West African Airways Corporation, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WAAC, sílẹ̀ ní 1946 fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gáḿbíà. Ní 1947 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré tí ń jẹ́ Dove. Ọ̀nà ojú irin láti Èkó dé Kánò lé ní 700 máìlì, ọjọ́ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni èrò sì ń lò lórí rẹ̀. Lójú òfuurufú, ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí 520 máìlì lọ, ìrìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni fún DC-3. Láti Àgbádárìgì dé Èkó, tí ẹni tí ó ń fi àjẹ̀ wakọ̀ lórí ọ̀sà lè fi odidi ọjọ́ rìn, ìṣẹ́jú 15 kò ní í kọjá kí DC-3 tó rìn ín tán. Ṣùgbọ́n DC-3 kò dúró ní Àgbádárìgì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn oníṣòwò ńlá àti àwọn olóṣèlú ni ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ó ń wọ̀ ọ́. Àwọn tí wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀ lójoojúmọ́ ń bá àjẹ̀ wọn lọ.

Ibí yìí ni ó yẹ kí á ti sọ ohun tí àwọn tí ń yin irin kì í sábà sọ. Irin náà ní àìsàn tirẹ̀. Bí ènìyàn bá mú wáyà, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, kò pẹ́ tí yóò fi ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìgbà kan tí ó lo agbára púpọ̀ fún un. Apá ọkọ̀ òfuurufú ń tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ báyìí nínú atẹ́gùn ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń fò. Ní oṣù kejì ọdún 1955, ọkọ̀ Bristol 170 ti WAAC já lulẹ̀ nítòsí Kàlàbá, gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ sì ṣègbé. Onírin ni, alápá ìpele kan ni. Apá rẹ̀ kan ni ó já lójú òfuurufú, nítorí pé irin inú rẹ̀ ti rẹ̀. Láti ìta, bí ti ọkọ̀ tí ó pa Rockne, kò sí ohun tí ojú lásán lè rí. A kúrò nínú igi nítorí ohun tí ó fara pamọ́ sínú rẹ̀, a sì bá òmíràn nínú irin. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti irin ṣe é kà ní wákàtí, a sì lè pààrọ̀ igi-àjà apá kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Láti àkókò yẹn ni kíka wákàtí ọkọ̀ ti di òfin tí kò ṣe é rú. DC-3, tí ẹrù apá rẹ̀ pín sí ọ̀pọ̀ ibi, wà lára àwọn tí àìsàn yìí kò tètè ràn, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn.

WAAC ti ní DC-3 tirẹ̀ kí ẹgbẹ́ náà tó tú ká. Gánà, tí ó gba òmìnira ní 1957, dá Ghana Airways tirẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1958. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ti ara rẹ̀, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Nigeria Airways. Ìjọba Nàìjíríà ní ìpín 51 nínú ọgọ́rùn-ún, ilé iṣẹ́ Elder Dempster àti BOAC ni ó ni ìyókù, títí ìjọba fi ra gbogbo rẹ̀ ní 1961. Ọkọ̀ BOAC ni wọ́n ń yá fún ìrìn Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n nínú ilé, láti Ìkejà lọ sí Enugu, sí Jos, sí Kánò, DC-3 ni ẹṣin iṣẹ́. Ilẹ̀ yangí àti pápá oníkoríko tó fún un. Bí òmìnira ti dé ní 1960, ọkọ̀ tí ó ń gbé àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ láti ẹkùn kan dé èkejì ni ọkọ̀ tí a yà ní California kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà tó dáyé.

Ní 1963 ni Fokker F27 bẹ̀rẹ̀ sí í dé, tí ẹ̀fúùfù gbígbóná ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ń fò ga ju òjò lọ. DC-3 bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú ọ̀nà. Nínú ogun abẹ́lé láti 1967 sí 1970, àwọn ọmọ-ogun òfuurufú ìjọba àpapọ̀ tún lo DC-3, ní ọ̀nà tí àwọn tí ó kọ́ ọ fún ibùsùn 14 kò ní lọ́kàn. Nigeria Airways fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ní 2003, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì dúró de owó ìfẹ̀yìntì wọn fún ọdún 15 kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní 2018. Àwọn kan ti kú kí ó tó kàn wọ́n.

Ní Oshkosh ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ilé iṣẹ́ Basler ti ń ra ògbólógbòó DC-3 láti nǹkan bí 1990, wọ́n ń bọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àtijọ́, wọ́n ń fi irú ti òde òní sí i, wọ́n sì ń fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta gùn ún ní àyà. Àwọn ọkọ̀ náà ti gbé ẹrù lọ sórí yìnyín ilẹ̀ Antarctica. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n pààrọ̀. Èèpo ìyẹn, àti igi-àjà mẹ́ta inú apá, bí wọ́n ṣe yà á ní 1935 náà ni.